Bí O Ṣe Ń Polówó, Bẹ́ẹ̀ Ni Kí O Mọ Òfin

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtajà ní yunifásítì tí kò ní fẹ́ràn òwe yìí, nítorí ó gbé iṣẹ́ tó yàn ga. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa á ni wọ́n tún sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi òwe kejì yìí gbe ara wọn lẹ́yìn, bí ẹni pé àwọn àgbà ní kí ènìyàn máa purọ́ kí ọjà lè tà. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdárò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ dídùn a máa tètè wọ oníbàárà létí ju òótọ́ lọ, àti pé bí kò bá sí ẹni tí yóò dá sí ọ̀rọ̀ ọjà, èké ni yóò kó owó lọ. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbá fi ní Pàràkòyí. Ní Abẹ́òkúta ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olóyè Pàràkòyí ló ń bójú tó òwò, àwọn náà ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ tó bá ti inú òwò jáde. Ẹni tó mọ bí ọjà ṣe ń tà ni wọ́n fi ṣe adájọ́ ọjà.

Yunifásítì ti ya ìmọ̀ ìtajà àti òfin ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtajà yóò ṣe òfin òwò fún sáà kan tàbí méjì, yóò há a sórí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Ìwọ ọmọ Mowé, ọmọ Ìbafo, ọmọ Ìfọ̀ tó ń kọ́ Marketing tàbí Business Administration, tàbí tó fẹ́ wọlé lọ kọ́ ọ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọn yóò kọ́ ọ, òfin òwò ni mo fẹ́ kí o dì mú jù, nítorí ìlérí ni iṣẹ́ rẹ, òfin ló sì máa ń sọ iye tí ìlérí ń náni.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá kọ́ òfin òwò máa ń bá pàdé, mo sì gbà pé olùkọ́ ìmọ̀ ìtajà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1891, nígbà tí àìsàn influenza ń jà ní Ìlú Ọba, ilé-iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball kéde nínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni tó bá lo oògùn àwọn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí àwọn ṣe júwe rẹ̀, tí àìsàn náà bá tún mú un, àwọn yóò san £100 fún un. Kí aráyé lè mọ̀ pé àwọn kò ṣeré, wọ́n ní àwọn ti fi £1,000 sí báńkì dè é. Ìyáàfin Louisa Carlill rà á, ó lò ó, àìsàn mú un, ó ní kí wọ́n wá san owó òun. Ilé-iṣẹ́ yìí fèsì pé ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni. Ní December 1892, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlérí ni, obìnrin yìí ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kí wọ́n san owó rẹ̀. £1,000 tí wọ́n fi ń yangàn yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ fi mú wọn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Èyí kò sọ pé kí ọlọ́jà má yin ọjà rẹ̀ mọ́. Kò sí adájọ́ tí yóò mú ìyá tó ní ẹ̀wà òun ló dùn jù ní gbogbo Ìfọ̀. Ẹnu ọlọ́jà ni, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ní kóńgò òun gba ìlọ́po méjì ti ẹni tó jókòó tì í, ohun tó ṣeé wọ̀n ló sọ yẹn, bí a bá sì wọ̀n ọ́n tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí délé dóko ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Kí a wá sílé wàyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ilẹ̀ ti di ọjà ńlá ní apá Ìbafo àti Mowé. Pátákó ìpolówó ilẹ̀ lọ́tùn-ún, pátákó ìpolówó ilẹ̀ lósì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣì wà ní yunifásítì ló ń bá àwọn tó ń ta ilẹ̀ wá oníbàárà, tí wọ́n ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ gidi ni, n kò bá wọn wí sí i. Sísan díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi ń fa èrò mọ́ra pàápàá kì í ṣe tuntun: àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti fi irú rẹ̀ ta aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí a tó bí àwọn òbí rẹ.

Ṣùgbọ́n mú ọ̀kan nínú ìwé ìpolówó wọ̀nyẹn, kí a jọ kà á. Ó ní “pulọ́ọ̀tì kan.” Pulọ́ọ̀tì wo? Ẹlòmíì ń wọn ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120, ìyẹn 7,200 lápapọ̀. Ẹlòmíì ń wọn 50 ní 100, ìyẹn 5,000. Ẹni tó sanwó fún ti àkọ́kọ́ tó bá ti ìkejì nílẹ̀ ti pàdánù 2,200, àyè tó lè gba ilé kékeré kan. Ó ní “kò jìnnà sí títì.” Ẹsẹ̀ la fi wọ̀n ọ́n ni àbí ọkọ̀, lẹ́ẹ̀rùn ni àbí nígbà òjò? Ó ní “C of O,” ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀, “ń bọ̀ lọ́nà.” Ta ló ń fún ni, ta ló kọ̀wé béèrè rẹ̀, níbo ni nọ́ńbà ìwé náà wà? Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ta ẹ̀tọ́ tó ní lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíì ní láti gba ìyọ̀ǹda ìjọba sí i. Bí ìwọ tó wá oníbàárà bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ sì mú kó sanwó, ó lè ní kí ilé ẹjọ́ tú àdéhùn náà ká. Bí o bá mọ̀ pé irọ́ ni kí o tó sọ ọ́, ẹ̀tàn ni, “ọ̀gá mi ló rán mi” kò sì ní gbà ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ni ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí. Ọmọ onílẹ̀ kan lè dá ọ dúró, kó fi ilẹ̀ hàn ọ́, kó ní òun àti bàbá òun ló ni ín. Ìdájọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ló yẹ kí ó sọ sí ọ lọ́kàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, ṣe, àwọn ìyẹn lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Àṣà wa náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: owó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ òǹrajà, kí a sì fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, kí o tó gbé fóònù láti pe oníbàárà, béèrè pé ta ni olórí ẹbí, ìdí-igi mélòó ni wọ́n, ta ló ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, awọnlẹ̀ wo ló wọn ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, fi kọmíṣọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ fún wọn. Owó tí oníbàárà ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyí ló sì ń sá fún owó ilé Èkó wá sọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ láàárín Nigerian Bottling Company àti obìnrin kan, Ngonadi, tó ra fíríìjì oníkẹrosíìnì lọ́wọ́ wọn, tí fíríìjì náà bú gbàmù tó sì jó o. Obìnrin yìí ló jàre: ẹni tó bá ta ọjà fún iṣẹ́ kan, ọjà náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018 wá fẹ ọ̀nà náà sí i. Ó ní kí a kọ iye owó sára ọjà tí a bá pàtẹ, kí a sì fi èdè tó yéni bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Òfin ìpolówó ti 2022 náà sì ń fẹ́ kí ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìwọ̀nyí, níbo ló fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ìpolówó?

Báwo ni kí o ṣe ka òfin òwò? Má há ẹjọ́ sórí. Ìlà mẹ́rin péré ni kí o kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tó wà níwájú adájọ́, èsì tó fún wọn, àti ìdí tó fi fún wọn. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ bá ìyá rẹ nídìí àtẹ, kí o fi Yorùbá sọ ọ́ fún wọn láti orí dé ìdí. Bí kò bá yé wọn, a jẹ́ pé kò tíì yé ìwọ náà. Máa kó rìsíìtì jọ pẹ̀lú. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Gbé ọ̀kan lọ sí kíláàsì, kí o ní kí olùkọ́ rẹ fi òfin 2018 yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òfin náà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn kò ní kúrò lọ́kàn rẹ.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹni tó ṣe òfin òwò nínú ìmọ̀ ìtajà kì í ṣe lọ́yà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi kọ́ ìmọ̀ òfin gan-an, kí wọ́n tó tún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Ẹ má fi ọmọ tó wọlé fún ìmọ̀ ìtajà ṣe ẹni tó já bọ́. Kó tètè mú Ìṣirò ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí JAMB yóò béèrè rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Bí yunifásítì kò bá sì tètè ṣeé ṣe, Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Federal Polytechnic tó wà ní Ìlaròó kò jìnnà sí Ìfọ̀, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ìtajà níbẹ̀.

Bí o bá sì ti ń ta nǹkan nínú ilé-ẹ̀kọ́, lọ́fínńdà tàbí bàtà, tí orúkọ òwò rẹ kì í ṣe orúkọ tìrẹ gan-an láìní àfikún, CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, ní kí o forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀.

Ní ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ ní yunifásítì, má ra iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rìn láti Ìbafo dé Mowé, kí o kọ gbogbo ìlérí tó wà lára àwọn pátákó ilẹ̀ sílẹ̀. Ya èyí tó ṣeé wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ ẹnu ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, wá àwọn tó ti ra ilẹ̀ lọ, kí o béèrè ohun tí wọ́n sọ fún wọn àti ìwé tí wọ́n fún wọn. Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn sílẹ̀, gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí o sì bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kan ìwọ náà.