Egungun Tí Ó Di Òkúta: Ẹ̀kọ́ Nípa Àwọn Ẹranko Ńlá Inú Òkun Àtijọ́

Kí ènìyàn tó dé orí ilẹ̀ ayé, àwọn ẹranko ńláńlá kan ti gbé inú òkun rí. Wọn kì í ṣe ẹja. Ẹran afàyàfà ni wọ́n, bí ọ̀nì, alángbá àti ejò. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fi ń mí, wọn a sì máa yọrí sókè omi láti mí. Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ti kú run. Síbẹ̀ a mọ bí wọ́n ti rí, nítorí pé òkúta pa egungun wọn mọ́.

Bí egungun ṣe ń di òkúta

Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá kú, a rì sí ìsàlẹ̀ òkun. Ẹran ara rẹ̀ a jẹrà, ẹrẹ̀ a sì bo egungun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ mìíràn a tún gorí rẹ̀, títí ti ìsàlẹ̀ yóò fi ki tí yóò sì di òkúta. Omi tí ń gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá a máa gbé èròjà òkúta wọ inú egungun díẹ̀díẹ̀, títí òun náà yóò fi le bí òkúta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ilẹ̀ a ru sókè, òkun a sì fà sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin tí ó ń ṣa òkúta

Ní Lyme Regis, ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú òkúta bẹ́ẹ̀ di òkè gíga létí omi. Bí òjò àti ìgbì bá mú kí òkè náà ya, egungun a yọ jáde. Níbẹ̀ ni a bí Mary Anning sí ní ọdún 1799. Káfíńtà ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1810, gbèsè £120 ni ó fi sílẹ̀ fún opó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Òkúta ṣíṣà di ọ̀nà oúnjẹ wọn.

Ní 1811, Joseph ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí agbárí kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Wọ́n rò pé ti ọ̀nì ni. Mary wá ìyókù rẹ̀ títí ó fi rí i ní 1812. Ẹranko náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17. Nǹkan bí £23 ni wọ́n tà á. Àwọn onímọ̀ pe irú rẹ̀ ní ichthyosaur, èyí ni ‘ẹja alángbá’.

Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 1823, ó rí òmíràn, plesiosaur, tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ejò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rí pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ tí a fi ń tu ọkọ̀. Cuvier, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, fura pé ayédèrú ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ìbá tún ra ọjà lọ́wọ́ Mary? Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, òtítọ́ ni; Cuvier fúnra rẹ̀ sì gbà.

Iyì tí ó pẹ́ kí ó tó dé

Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni Mary ti mọ̀wé kà. A máa fọwọ́ ara rẹ̀ da ìwé àwọn onímọ̀ kọ, a sì máa la ẹja láti fi egungun wọn wé ti inú òkúta. Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Mary mọ ọwọ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pè é sídìí àwo. Ní 1824, Conybeare ka ìròyìn ẹranko ọlọ́rùn gígùn náà níwájú Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò dárúkọ Mary. Ọdún 1919 ni ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí gba obìnrin. Ní 1833, òkè ya lu ajá Mary pa níwájú rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kan òun náà. Ó kú ní 1847. Ní 2022 ni wọ́n tó gbé ère rẹ̀ ró ní ìlú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni irú èyí wà. Ní ilẹ̀ Sókótó, tí ó jìnnà sí òkun lónìí, wọ́n rí egungun mosasaur, ẹranko òkun tí ó bá awọ́nríwọ́n tan. Swinton kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1930. Ní 1972 wọ́n sọ ọ́ ní Goronyosaurus, nítorí ìlú Goronyo. Òkun ti bo ilẹ̀ náà rí. Bákan náà, ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ti dì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń gbẹ́ kànga tàbí tí ó ń fọ́ òkúta, tí ó sì rí ohun tí ó jọ egungun tàbí eyín, kí ó má ṣe fọ́ ọ. Kí ó ṣàmì sí ibẹ̀, kí ó sì fi tó olùkọ́ tàbí ìjọba létí. Kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó rí i sílẹ̀, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe tálákà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Báwo ni egungun ṣe ń di òkúta?
2. Kí ni egungun tí wọ́n rí ní Sókótó fi hàn nípa ilẹ̀ náà?
3. Ta ni iyì iṣẹ́ tọ́ sí: ẹni tí ó rí nǹkan, tàbí ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀?