Ibi Tí Ewu Fara Pamọ́ Sí Nínú Iṣẹ́ Aláró

Bí ẹ bá bi ìyá aláró kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ léwu, ó lè fi yín rẹ́rìn-ín, kó ní látìgbà ọmọge lòun ti ń ṣe é. Ìbéèrè yẹn ló fẹ̀ jù. Ẹ tú iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ sì máa bi ara yín ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: kí ló lè ṣe èèyàn léṣe níbí?

Ẹ jẹ́ ká mú kàmpálà alábẹ́là. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ́ àbẹ́là lórí iná. Bó bá gbóná jù, ó lè gbiná. Ẹni tó bá bu omi sí i ti dá kún ọ̀ràn, torí omi á hó lójijì, á sì fọ́n iná káàkiri. Ìdérí ìkòkò ni kó wà nítòsí, tí wọ́n á fi bo iná náà.

Ìdí aró pípò gan-an ló yẹ ká pẹ́ sí. Aró òyìnbó, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní háídró, àti kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n ń pò pọ̀. Sódà yìí máa ń mú omi gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú ike, kí ẹ wá máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ omi lẹ dà lé sódà lórí, ó lè hó, kó ta sí yín lójú. Bó bá ta síbẹ̀, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú náà láìdúró, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ tó gbọ̀nà ọsíbítù. Háídró ní tirẹ̀ kì í fẹ́ ọ̀rinrin: bí omi díẹ̀ bá kàn án nínú agolo, ó lè gbóná títí á fi gbiná. Ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ fi bù ú.

Rírì aṣọ sínú aró kò le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìgbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n á rọ sódà tó kù sínú ike omi tàbí ti mínírà. Ojú ọmọdé kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi. Bó bá gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á jóná, ọ̀nà náà sì lè fún mọ́ ọn títí ayé. Ẹ fi sódà sílẹ̀ nínú ike tirẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá.