Ìlérí Tí A Lè Mú Ṣẹ: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbèsè Sísan



Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, ní orí kẹrin, a kà nípa opó kan tí ọkọ rẹ̀ kú tí ó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún un. Olówó ti ń bọ̀ láti wá kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yìí kò sá kúrò ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ara pamọ́. Ó jáde lọ sí ọ̀dọ̀ wòlíì Èlíṣà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Wòlíì kò bi í léèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí ó kù nínú ilé ni ó bi í. Láti inú òróró díẹ̀ tí ó kù náà ni ọ̀nà ti là.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo fẹ́ bá yín sọ ní Ọjọ́ Ìsinmi yìí. N kò wá láti na ẹni tí ó jẹ gbèsè ní pàṣán ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti yá owó nítorí àìsàn, nítorí owó ilé-ìwé, nítorí ọjà tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, àti (kí a má fi òtítọ́ pamọ́) nítorí ayẹyẹ tí agbára wa kò ká. Òfin Keje, tí ó ní kí a má jalè, kan ẹni tí ó lè san gbèsè rẹ̀ tí ó kọ̀ láti san án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ san tí owó kò sì tó lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní í sọ fún un kò ju ọ̀kan lọ: kí ó tọ olówó lọ kí olówó tó tọ̀ ọ́ wá, kí ó sì mú ìlérí kékeré tí ó lè mú ṣẹ lọ́wọ́, kì í ṣe ìlérí ńlá tí yóò sọ ọ́ di òpùrọ́ ní oṣù tí ń bọ̀.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ajigbèsè bá dákẹ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé olówó lè bẹ ọkùnrin kan tí a ń pè ní ológò lọ́wẹ̀ láti lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò yóò wọ inú ilé, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa bú ènìyàn, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí jẹ, ara gbogbo ilé kò sì ní rọ̀ títí owó yóò fi jáde. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé aṣọ kiri ìlú láti tà láwìn kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ ní tiwọn. Orí òṣó ni wọ́n ń wà ní ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n, ibẹ̀ ni a sì ti rí orúkọ òṣómàáló.

Ológò òde òní kò nílò àga láti jókòó. Inú fóònù ni ó wà. Àwọn kan ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sì kó orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò dé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀sín ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì dójú tì báyìí lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹjọ́ náà kò pa gbèsè rẹ́.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìdákẹ́jẹ́ ajigbèsè ni ó ń bí ológò ní ayé àtijọ́ àti ní ayé òní. Olówó tí kò gbọ́ nǹkan kan yóò rò pé owó òun ti rì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ sílẹ̀, láìfo ẹnì kan, àní ẹni tí ojú ń tì yín láti rántí. Tọkọtaya ni ó yẹ kí ó jọ ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí gbèsè tí ọkọ fi pamọ́ fún aya, tàbí tí aya fi pamọ́ fún ọkọ, a máa ba gbogbo ètò jẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ àti ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fi ọkàn ro ó; kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ẹni tí ó jókòó tì í. Ìyá yìí jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦240,000. Ó jẹ ìyá olójà ńlá tí ń gbé àpò ìrẹsì fún un láwìn ní ₦180,000. Ó jẹ àwọn ayánilówó orí fóònù ní ₦120,000, ó sì jẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ₦60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Èrè tí ó ń rí lóṣù jẹ́ ₦150,000. Oúnjẹ, owó ilé, owó ilé-ìwé àti owó ọkọ̀ ń gba ₦110,000 lẹ́yìn tí ó ti gé gbogbo ohun tí ó ṣeé gé. Ó ku ₦40,000. Ó ya ₦10,000 sọ́tọ̀ fún àìsàn òjijì, nítorí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibà ọmọ kan ṣoṣo ni yóò tún lé e padà sí ọ̀dọ̀ àwọn orí fóònù. Ó wá ku ₦30,000 fún àwọn olówó.

Báwo ni yóò ti pín in? Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí ó jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦30,000 nínú ₦600,000 jẹ́ ₦5 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò gba ₦12,000, ìyá olójà ₦9,000, àwọn orí fóònù ₦6,000, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ₦3,000. Bí gbogbo wọn bá gbà kí èlé dúró, ní ogún oṣù gbogbo gbèsè náà tán. Bí àwọn orí fóònù bá kọ̀ láti dá èlé dúró, ètò náà yí padà: kí ó bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n gba díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù pa gbèsè tí ń bímọ yẹn, lẹ́yìn náà kí ó padà sọ́dọ̀ wọn. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lè yọ lára owó tí òun fúnra rẹ̀ ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé èyí.

Ẹnì kan lè bi mí pé opó inú Bíbélì kọ́kọ́ san gbèsè kí ó tó fi èyí tí ó kù jẹun. Kí ni ìdí tí mo fi fi oúnjẹ ṣáájú? Òróró opó náà tó láti pa gbogbo gbèsè ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Níbi tí owó kò bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kó gbogbo èrè rẹ̀ fún olówó ní oṣù kìíní yóò yá owó jẹun ní oṣù kejì. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣe èyí pẹ̀lú ọkàn rere, tí gbèsè wọn sì ń ga sí i.

Lẹ́yìn ìṣirò ni ìrìn-àjò kù. Iṣẹ́ yìí ni ó le jù, n kò sì fẹ́ tàn yín jẹ nípa rẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe fi ọmọ rán, ẹ má sì ṣe fi fóònù bẹ̀bẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá lè débẹ̀. Ẹ mú àgbàlagbà kan tí olówó náà bọ̀wọ̀ fún dání, kí ẹ sì mú owó díẹ̀ lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Kí ìyá wa nì wọlé, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì wí pé: “Ẹ kú ilé o, Màmá. Kì í ṣe gbogbo owó yín ni mo mú wá, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.”

Ìyá olójà lè bínú. “Ṣé o wá sọ fún mi pé owó mi ti wọmi ni?”

“Rárá o, Màmá. ₦180,000 ni mo jẹ yín, mi ò gbàgbé. ₦9,000 ni n ó máa mú wá ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ti oṣù yìí rèé.”

“₦9,000! Ìgbà wo ni yóò tán?”

“Ogún oṣù, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé yìí.”

Ìwé náà ni ó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Olówó yóò rí i pé òun nìkan kọ́ ni a jẹ, pé a kò gbé ẹnì kan ga ju ẹnì kejì lọ, àti pé ₦9,000 ti inú ìṣirò wá. Ó lè sọ pé òun fẹ́ ₦20,000 lóṣù. Ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba ₦20,000 lẹ́nu tí ó sì mú ₦7,000 wá ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó sọ ₦9,000 tí ó sì mú un wá ní ọjọ́ kẹrin, kí ọjọ́ tó pé, yóò rí ojú rere ní ìgbà mìíràn. Bí oṣù kan bá sì burú, ẹ lọ kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ẹ bá rí lọ.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì: iye owó, ọjọ́ sísan, ọ̀rọ̀ èlé, orúkọ ẹlẹ́rìí. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí olówó sì máa fọwọ́ sí ìwé ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba owó.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kan wà tí òfin ìlú sọ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ má ṣe kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀ láti fi tu olówó nínú. Láti 1977 ni òfin Nàìjíríà ti sọ èyí di ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ báńkì ni ẹ jẹ, ẹ má ṣe rò pé ẹ lè kó owó yín lọ sí báńkì mìíràn kí ó sì parí síbẹ̀. Láti 2020 ni Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà ti là á sílẹ̀ pé báńkì tí ó yáni lówó lè tọpa BVN ajigbèsè lọ mú owó rẹ̀ ní báńkì yòówù. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ọjọ́ dá, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọjá. Ní ìhà kejì, ẹ̀yin olówó, iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ni láti bá yín gba gbèsè. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò jẹ́ kí a mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan. (Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ó fi èrú gba owó.) Ẹ̀yin tí ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ìpẹ̀tùsááwọ̀ kan wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 1999, tí a kì í sanwó níbẹ̀, láti 2018 sì ni ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kékeré ti wà níbẹ̀, fún owó tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ.

Ẹ̀yin tí a jẹ ní gbèsè, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ yín. Owó yín ni, ẹ̀yin náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ láti san. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tí ẹ gba irinṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ san owó yín. Bí ẹ bá lè dá èlé dúró fún ẹni tí ó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tòótọ́, ó ṣeé ṣe kí owó tí yóò padà sọ́wọ́ yín pọ̀ ju èyí tí ẹ ó fi ariwo gbà lọ.

Ní ọjọ́ tí owó ìkẹyìn bá wọlé, kí olówó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà méjèèjì pé gbèsè ti tán, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ohun ìdógò bá wà, ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ọkọ tàbí aya yín mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣe oníduró fún yín, kí ẹ yà sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an kí ẹ sọ fún un, nítorí òun náà ti ń ka oṣù láti ọjọ́ yìí wá.