Ṣé Kí N Ta Ìkòkò Mi Nítorí Tẹlifíṣọ̀n?

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ ìnáwó ni mo ń sè l'Óṣogbo. Láti ìgbà tí alásè Hilda Baci ti dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 l'Ékòó lọ́dún 2023 ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ di alásè orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní kí n wá ra àkókò oṣù mẹ́ta, àmọ́ bí mi ò bá ta jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ìkòkò ńlá mi, owó náà kò lè pé. Ọkọ mi ní òun ò lọ́wọ́ sí i. Ìyá mi ní mo ti pé ọmọ ọdún 38, pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ni tẹlifíṣọ̀n. Ohùn mi tún ki bíi ti ọkùnrin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? – Ọlọ́bẹ̀-Ló-Lọkọ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, orúkọ tí o fi sí ìdí lẹ́tà rẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ọkọ ló ń fọ abọ́.

Má ta nǹkan kan. Mo tètè sọ ìyẹn kí o má baà ti wá oníbàárà fún jẹnẹrétọ̀ kí o tó kà á débì kankan.

Ní ti ọjọ́ orí, bá mi sọ fún Màmá pé ọmọ 50 ọdún ni Julia Child nígbà tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ìyá gbogbo alásè orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ìlú Pasadena ní California ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1912. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Sri Lanka àti ní Ṣáínà. Kò mọ oúnjẹ sè ní tirẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé Paul, ọkọ rẹ̀, lọ sí Paris lọ́dún 1948 ni wọ́n yà jẹ ẹja tí wọ́n fi bọ́tà dín nílùú Rouen, ojú rẹ̀ sì là. Nígbà tó fi máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ Le Cordon Bleu lọ́dún 1949, ó ti pé ọmọ 37, àwọn tó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà rí ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde. Ó tún un ṣe, ó yege.

Lẹ́yìn èyí, ìwé ló kàn, tẹlifíṣọ̀n ṣì jìnnà. Òun, Simone Beck àti Louisette Bertholle fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kọ ìwé oúnjẹ kan tí yóò yé ìyàwó ilé Amẹ́ríkà tí kò gbé Faransé rí. Oúnjẹ kan ṣoṣo, wọn a sè é, wọn a tún un sè, wọn a wọn ohun tó wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dá wọn lójú. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Houghton Mifflin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún kọ̀ ọ́. Knopf ló tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1961, ó sì ju ojú ewé 700 lọ. Nítorí ìwé kejì tó jáde lọ́dún 1970, òun àti Paul fi ìyẹ̀fun tó ju 120 kìlógíráàmù dá búrẹ́dì Faransé wò nínú ààrò ilé lásán. Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá a wá. Lọ́dún 1962, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WGBH ti Boston pè é wá sọ̀rọ̀ lórí ètò ìwé. Ó gbé ìdáná kékeré, páànù àti ẹyin lọ, ó sì dín ẹyin níwájú wọn. Lẹ́tà 27 ni àwọn òǹwòran kọ wá pé àwọn ṣì fẹ́ rí obìnrin yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1963 ni ètò rẹ̀, The French Chef, bẹ̀rẹ̀. Sítúdíò iléeṣẹ́ náà ti jóná, nítorí náà ilé-ìdáná iléeṣẹ́ iná mànàmáná kan ni wọ́n yá lò. Dọ́là 50 ni owó rẹ̀ lórí ètò kan. Paul ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sára páálí fún un, òun náà ló sì ń fọ abọ́.

Ní ti ohùn, tirẹ̀ a máa lọ sókè sódò bíi fèrè ọmọdé, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 2. Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ṣe ń wò ó. Wọ́n ń ya ètò náà láìdúró ni, torí gígé fídíò nígbà náà wọ́n. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ yí pòtétò tó tẹ́ sínú páànù padà, ó jù ú sókè, apá kan já bọ́ sórí sítóòfù. Ó fọwọ́ ṣà á padà, ó ní òun ò jù ú pẹ̀lú ìgboyà tó, ó wá rán àwọn òǹwòran létí pé bó bá ṣe wọ́n nílé, ta ni yóò rí wọn? (Àwọn tó ń sọ pé odidi adìẹ ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa.) Ètò náà gba ẹ̀bùn Peabody, ó gba Emmy.

Hilda náà kò fi wákàtí 93 bẹ̀rẹ̀. Ó ti ní ilé oúnjẹ tirẹ̀, ó sì ti borí nínú ìdíje ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́dún 2021. Kí ọdún 2023 tó parí, alásè ará Ireland kan, Alan Fisher, ti gba ipò ẹni tó dáná pẹ́ jù lọ lágbàáyé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé oúnjẹ Hilda kò bá a lọ.

Ẹni tó ní kí o ra àkókò kò jẹ̀bi o, bí púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta, ètò 13 ni. Lẹ́yìn ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ata, mọ́ínmọ́ín àti ọ̀fadà, kí lo fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kejìlá? Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ dáhùn. Jókòó, kọ oúnjẹ 13 sílẹ̀. Má kọ "iyọ̀ díẹ̀", ṣíbí mélòó? Má kọ "títí yóò fi jinná". Báwo ni yóò ṣe rí lójú nígbà tó bá jinná? Gbé ìwé náà fún ọmọ àdúgbò tí kò mọ oúnjẹ sè, jókòó tì í, pa ẹnu mọ́. Ibi tó bá ti dúró wò ọ́ lójú, ibẹ̀ ni kí o tún kọ. Lẹ́yìn náà ni kí o fi fóònù rẹ yà á, pẹ̀lú ohùn rẹ tó ki yẹn.

Jẹnẹrétọ̀ àti ìkòkò ni yóò máa bọ́ yín nígbà tí ètò náà kò tíì pa kọ́bọ̀ wọlé. Bí o bá kọ ọ́ tán, fi oúnjẹ 13 náà ránṣẹ́ sí mi. N ó se mẹ́ta nínú wọn fúnra mi, n ó sì sọ bó ṣe rí fún ọ.