Àpótí Ìmọ̀: Àdán àti Igi Irúgbá

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn láti máa tú ẹ̀dá palẹ̀, kí wọ́n mú ewé sọ́tọ̀, kí wọ́n mú kòkòrò sọ́tọ̀, bí ẹni pé ẹni tí ó bá ti mọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti mọ odindi; ọ̀nà náà lérè púpọ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ wo igi irúgbá tí ó dúró gbọnin láàárín oko ọkà bàbà ní agbègbè Ọ̀fíkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òdòdó rẹ̀, pupa, roboto bí bọ́ọ̀lù, máa ń rọ̀ dirodiro lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, òru ni oje dídùn inú rẹ̀ sì ń sun. Nígbà náà ni àdán, abàmì tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ, yóò wá lá a, tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó yóò lẹ̀ mọ́ ọn nírun, tí yóò sì gbé e dé orí igi mìíràn kí ìyẹn lè so. Kòkòrò oyin pẹ̀lú ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdán ni ọ̀gá. Ẹni tí ó bá gé ewé irúgbá lọ yẹ̀ wò lọ́sàn-án kò lè bá àdán pàdé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá pa àdán run ti fọwọ́ kan ìkòkò ìyá onírú tí ń se èso irúgbá. Láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá, ní 1935 ni Arthur Tansley, onímọ̀ ewéko ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé kí a ka ewéko, ẹranko, ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ sí odindi kan ṣoṣo.