Kí Ló Dé Tí Paraguay Kò Fi Taiwan Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ amúnáwá kéékèèké ni mo ń tà n'Ìbàdàn, Guangzhou ní Ṣáínà ni ọjà mi sì ti ń wá. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ lórí rédíò pé orílẹ̀-èdè kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Paraguay lorúkọ rẹ̀, tí kò bá Ṣáínà ṣe, àfi Taiwan. Ó yà mí lẹ́nu. Ta ní í kẹ̀yìn sí Ṣáínà láyé tí a wà yìí? Kí ni Taiwan, erékùṣù yẹn, ń fún wọn? Ṣé wọn kì í ra ọjà Ṣáínà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa náà lè bá Taiwan dòwò pọ̀? — Oníṣòwò, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN:  

Àwọn ará Paraguay ń ra ọjà Ṣáínà, wọ́n sì ń rà á gan-an. Ṣáínà wà lára àwọn tí Paraguay ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn jù. Bí ẹ bá dé Ciudad del Este, ìlú tó wà lẹ́nu ibodè Brazil, fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ohun ìṣeré ọmọdé láti Ṣáínà ló kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Brazil ń gba orí afárá kọjá wá rà á. Bẹ́ẹ̀, Ṣáínà kò ní ẹ́ńbásì kankan ní Asunción, olú-ìlú wọn. Òwò kì í dúró de ẹ́ńbásì.

Nígbà tí Paraguay bá fẹ́ tà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran màlúù àti ẹ̀wà sóyà ni ọrọ̀ ilẹ̀ wọn. Ẹran kì í sì í wọ Ṣáínà láìjẹ́ pé ìjọba méjèèjì ti jọ tọwọ́ bọ ìwé lórí ìlera ẹran ọ̀hún. Ìjọba tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò lè tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ọlọ́sìn màlúù Paraguay ń wò bí Brazil, aládùúgbò wọn, ṣe ń kó ẹran lọ sí Ṣáínà ọkọ̀ òkun lórí ọkọ̀ òkun, inú wọn kò sì dùn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1949, àwọn kọ́múnísì borí nínú ogun abẹ́lé Ṣáínà, Chiang Kai-shek àti ìjọba rẹ̀ sì sá lọ sí Taiwan. Ìjọba méjèèjì ń pariwo pé àwọn gan-an ni Ṣáínà, ẹni tó bá sì gba ọ̀kan kò gbọdọ̀ gba èkejì. Beijing, ìyẹn ìjọba Ṣáínà, ṣì di òfin yẹn mú títí dòní. Ní 1957, Paraguay mú Taiwan. Alfredo Stroessner, ológun tó gbàjọba ní 1954, ló wà lórí àlééfà, ó sì kórìíra kọ́múnísì bí ìgbẹ́. Ọ̀tá tí òun àti Chiang jọ ní ló so wọ́n pọ̀. Òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ Chiang ní Asunción di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá lè gbẹ́ ihò láti Taipei, olú-ìlú Taiwan, kọjá láàárín ilẹ̀ ayé, nítòsí Asunción ni yóò ti yọ. Ọ̀rẹ́ wo ló tún lè jìnnà síra wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nígbà yẹn, Taiwan ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ní October 1971 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún Beijing. Nàìjíríà ti bá Beijing mulẹ̀ láti February ọdún yẹn kan náà. Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn ní 1979. Láìpẹ́ yìí, Panama lọ ní 2017, El Salvador ní 2018, Honduras ní 2023, Nauru ní 2024. Àwọn tó kù lẹ́yìn Taiwan kò ju 12 lọ, bí a bá ka Vatican mọ́ wọn. Ní Áfíríkà, Eswatini nìkan ni. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Paraguay nìkan ni.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Bí ọ̀rẹ́ Taiwan ṣe ń dín kù ni Paraguay ń wọ́n sí i. Owó Taiwan ló wà nídìí ilé aṣòfin wọn ní Asunción. Taiwan ń fún àwọn ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó bá wọn dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ wọn bí a ṣe ń sin ẹja surubí. Àdéhùn òwò wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ṣílẹ̀kùn fún ẹran màlúù Paraguay láìsan owó orí ibodè, nígbà tó sì yá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà wọlé. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méje ni Paraguay o. Tó bá wọ agbo Beijing, ẹnìkan lásán láàárín ọ̀pọ̀ èrò ni yóò jẹ́. Ní Taipei, àlejò pàtàkì ni.

Wọ́n mọ iye tí wọ́n tó. Ní September 2022, Mario Abdo Benítez, ààrẹ wọn nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn Financial Times pé òun fẹ́ kí Taiwan kó bílíọ̀nù kan dọ́là wá dókòwò ní Paraguay, kí òun lè rí nǹkan wí fún àwọn tó ń fẹ́ Ṣáínà. Gbangba ló ti sọ ọ́! Èmi kò bá a wí. Ẹni tó ń ná ọjà kì í tijú. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà wọ́n wọn bí ojú, àwọn alágbàtà kan sì wá ń sọ pé ti Ṣáínà wà ńlẹ̀, bí wọ́n bá lè fi Taiwan sílẹ̀. Beijing ní òun kò rán wọn. Taiwan bá Íńdíà sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ Covaxin sì dé.

Nígbà ìdìbò April 2023, ọ̀rọ̀ yìí délé délé. Efraín Alegre, olùdíje ẹgbẹ́ alátakò, ní àwọn àgbẹ̀ ń pàdánù. Santiago Peña ní àwọn kò ní kúrò lẹ́yìn Taiwan, òun ló sì wọlé. Ní December 2024, aṣojú Ṣáínà kan tó bá ìpàdé UNESCO wá sí Asunción yà sí ilé aṣòfin, ó ní kí wọ́n já Taiwan jù sílẹ̀. Ìjọba fagi lé físà rẹ̀, wọ́n fún un ní wákàtí 24 kó fi ìlú sílẹ̀.

Ṣé wọn yóò lọ lọ́jọ́ kan? Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn ọlọ́sìn màlúù ló wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Honduras ń bà wọ́n lẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, Taiwan ló ń ra edé Honduras lọ́pọ̀ yanturu, láìsan owó orí ibodè. Nígbà tí Honduras kọ Taiwan sílẹ̀, àǹfààní yẹn bá a lọ. Edé tí Ṣáínà wá rà kò tó bí wọ́n ṣe retí, nǹkan sì le fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin edé.

Ó wá ku tiwa níbí. Ní January 2017, nígbà tí Wang Yi, mínísítà ilẹ̀ òkèèrè Ṣáínà, wá sí Abuja, Nàìjíríà ní kí Taiwan kó ọ́fíìsì òwò rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí Èkó. Kì í ṣe ẹ́ńbásì, òwò nìkan ló wà fún, ẹ̀yin náà sì lè lọ bá wọn. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má ra ọjà Taiwan. Ìwé Form M àti SONCAP tí ẹ ń ṣe kí ọjà Guangzhou tó wọlé náà ni ẹ ó ṣe.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi ẹni tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Guangzhou: ta ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn? Àwọn ará Taiwan ti kó owó ńlá lọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà fúnra rẹ̀. Foxconn tó ń to iPhone pọ̀ níbẹ̀, ti Taiwan ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa bá Taiwan ṣòwò láti ọjọ́ yìí wá.