Ṣé Ó Tọ́ Kí Wọ́n Fi Florida State Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì ní 2023, ẹnikẹ́ni ò tíì na Florida State nígbà tí ìgbìmọ̀ ń yan ẹgbẹ́ mẹ́rin tó máa du ife, síbẹ̀ Alabama ni wọ́n mú kún wọn. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Kò tọ́ rárá. Eré 13 ni Florida State ti gbá nígbà yẹn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n borí. Jordan Travis, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, fara pa lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ni ìgbìmọ̀ bá ní agbára wọn ti dín kù. Ṣé láìsí i náà kọ́ ni wọ́n na Louisville, 16 sí 6? Lóòótọ́, Alabama borí Georgia, 27 sí 24, àmọ́ Texas ti kọ́kọ́ na Alabama fúnra rẹ̀, 34 sí 24. Ẹni tó jáwé olúborí lórí pápá ni kí wọ́n mú.